Àmáànà Tí ó Wà Nínú Agolo Oògùn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ Ayé, Ọba Àṣàkẹ́ Ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá àìsàn tí Ó sì dá ìwòsàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀.



Ní oṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni a fẹ́ bá yín sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmúra. Ọ̀rọ̀ ohun kan tí ó wà nínú ilé gbogbo wa ni: àjẹkù oògùn tí a dì sínú ọ̀rá, tí a gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí a ń fi pamọ́ de ọjọ́ tí inú yóò tún máa run ẹnì kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ dókítà ni èyí, kí ni ó kan ààfáà níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni.

Ẹ̀ṢẸ̀ TIWA

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa. Nígbà kan, agolo mílíìkì kan wà lórí pẹpẹ ní ilé-kéwú wa. Inú rẹ̀ ni a ń kó oríṣiríṣi kápúsù sí, àwọn aláwọ̀ méjì méjì tí gbogbo yín mọ̀. Ọmọ tí ó bá ní inú ń run òun, tàbí tí ó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, a ó fún un ní méjì, a ó ní kí ó lọ jókòó sẹ́yìn. Lójú wa, sàráà ni a ń ṣe. Àwọn òbí pàápàá máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ó di ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́, ó sì ń bì. A fún un ní kápúsù méjì ní àárọ̀, a tún fún un ní méjì nígbà tí a kírun Àyìlá tán. Èyí tí ó burú jù ni pé a kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fún un ní omi púpọ̀, nítorí a gbà pé omi ni ó ń mú kí ìgbẹ́ náà pọ̀ sí i. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi dé ní àsìkò Àlásárì, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń sunkún ṣùgbọ́n omijé kò jáde. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí ó gbà á lọ́wọ́ wa bi wá léèrè pé, "Ààfáà, kí ni ẹ ti fún un?" A sọ fún un. Ó tún béèrè pé, "Ta ni ó ní kí ẹ fún un?"

Ẹ̀yin ará, a kò rí èsì fọ̀. Ọlọ́hun ṣàánú, wọ́n fa omi sí ọmọ náà lára, ó sì yè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn kò kúrò ní etí wa títí di òní. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a rántí hádíìsì kan tí àwa fúnra wa ti kọ́ àwọn ọmọ, èyí tí ó wà nínú ìwé Abu Daud, pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn fún ènìyàn, tí a kò sì mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà, òun ni ọ̀ràn yóò wà lọ́rùn rẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. A ti ka hádíìsì yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì rò pé àwọn tí ń ta oògùn kiri inú ọkọ̀ ni ó ń bá wí. A kò mọ̀ pé agolo tí ó wà lórí pẹpẹ wa ni ó ń tọ́ka sí.

Ẹ tún rántí ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi orí gbọgbẹ́ nínú ìrìn àjò ní ayé Ànábì (S.A.W.). Ìwẹ̀ ọ̀ranyàn kàn án, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá òun lè ṣe tayamámù, wọ́n ní àyè rẹ̀ kò sí. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Ànábì, ó bínú gidigidi. Ó sọ pé àwọn ni wọ́n pa á, ó sì jẹ́ kí ó yé wọn pé ìbéèrè ni oògùn àìmọ̀. Àwọn ènìyàn yẹn kì í ṣe ọ̀tá ọkùnrin náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n. Wọn kò gbèrò ibi sí i rárá. Síbẹ̀, èrò rere wọn kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìbáwí, nítorí pé wọ́n sọ ohun tí wọn kò mọ̀. Nínú Súrátul-Isrá, áyà 36, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa tẹ̀ lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀, Ó sì fi yé wa pé etí, ojú àti ọkàn, gbogbo wọn ni a ó bi léèrè.

Nítorí náà, a lọ béèrè. A jókòó ti àwọn tí ó mọ̀, a ka ìwé. Ohun tí a rí kọ́ ni a fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

KÒKÒRÒ MÉJÌ, ÌWÀ ỌTỌ̀Ọ̀TỌ̀

Ohun tí ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru pọ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, irú méjì ni ẹ kọ́kọ́ nílò láti mọ̀. Èkíní ni bakitéríà. Èkejì ni fáírọ́ọ̀sì. Àwọn ènìyàn a máa da méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn tó ìyàtọ̀ ewúrẹ́ àti ẹ̀fọn.

Bakitéríà jẹ́ ẹ̀dá tí ó dá dúró. Ó ní ògiri tí ó yí i ká, ó ń jẹun, ó sì ń dá bímọ. Bakitéríà ni ó ń fa onígbáméjì, òun ni ó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí a ń pè ní táífọ́ọ̀dù, òun náà ni ó sì wà nídìí ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ ọ̀rìn, èyí tí ẹ̀jẹ̀ máa ń bá wá. Ọ̀nà tí àwọn oògùn apakòkòrò bíi pẹnisílíìnì ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ń ba ògiri yẹn jẹ́. Àwọn mìíràn ń ba ibi tí bakitéríà ti ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀ jẹ́.

Fáírọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kò ní ògiri bẹ́ẹ̀, kò sì ní ilé ìdáná. Inú ara tiwa ni ó ń wọ̀, ohun èlò tiwa ni ó sì ń lò láti fi bí sí i. Ẹni tí ó bá fi oògùn apakòkòrò lé fáírọ́ọ̀sì dà bí ẹni tí ó kó ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ síwájú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Kò sí ibi tí yóò ti fi kọ́kọ́rọ́ náà sí.

Ẹ wá gbọ́ o: púpọ̀ nínú ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Ní ọdún 1973, ní ilú Melbourne ní orílẹ̀-èdè Australia, obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Ruth Bishop àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú ẹran ara tín-ín-tín láti inú ìfun àwọn ọmọ tí ń yàgbẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, wọ́n sì rí fáírọ́ọ̀sì kan tí ó rí róbótó bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní rotavirus, nítorí pé rota ni wọ́n ń pe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ní èdè Látìn. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1968, èébì àti ìgbẹ́ ti bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ilú Norwalk ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1972 ni Albert Kapikian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí fáírọ́ọ̀sì tí ó fà á. Òun ni a mọ̀ sí norovirus lónìí, òun sì ni ó sábà máa ń mú àwọn ènìyàn tí wọ́n bá jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹun, irú bí àwa náà ti máa ń ṣe ní ìpàgọ́ ọlọ́dọọdún wa.

Kò sí oògùn apakòkòrò kan tí ó lè pa ìkankan nínú àwọn méjèèjì yìí. Nítorí náà, kápúsù inú agolo wa kò lè ṣe oore kankan fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a fún. Ṣé ibẹ̀ nìkan ni ó wá parí sí? Rárá. Bí kò bá ṣe oore, ó ń ṣe ibi.

BÍ OÒGÙN ṢE Ń DI OMI LÁSÁN

Nínú ìfun gbogbo wa, Ọlọ́hun fi ẹgbàágbèje bakitéríà tí ń ṣe wá láǹfààní síbẹ̀. Wọ́n ń bá wa lọ oúnjẹ, wọ́n sì ń gba àyè mọ́ àwọn aṣebi lọ́wọ́. Nígbà tí a bá gbé oògùn apakòkòrò mì láìnídìí, àwọn aláǹfààní wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ ń pa. Àwọn díẹ̀ tí oògùn kò ràn ni yóò ṣẹ́ kù. Nígbà tí àwọn yòókù bá ti kú, ilẹ̀ ti ṣófo, oúnjẹ pọ̀, àwọn tí ó ṣẹ́ kù yóò máa bí sí i. Bí àyè bá gbà wọ́n, bakitéríà mìíràn lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20 péré. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò láti ìrun Àsùbáà di ìrun Àyìlá.

Èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù ni pé bakitéríà kan lè fi ọgbọ́n tí ó fi ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn kọ́ ẹlòmíràn tí kì í ṣe irú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Japan, láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn dókítà rí àwọn aláìsàn tí bakitéríà ìgbẹ́ ọ̀rìn ń bá jà, tí oògùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò ran ìgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ délẹ̀, wọ́n rí i pé bakitéríà tí ń gbé inú ìfun jẹ́ẹ́jẹ́ lè gbé ọgbọ́n yẹn lé ti ìgbẹ́ ọ̀rìn lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, kápúsù tí o lò lónìí fún inú rírun lásán lè kọ́ kòkòrò inú rẹ ní ohun tí yóò pa ọmọ rẹ lọ́la.

Kì í ṣe pé a kò gbọ́ ìkìlọ̀. Alexander Fleming, ẹni tí ó rí pẹnisílíìnì ní London ní ọdún 1928, gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn ní ọdún 1945. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní oṣù December ọdún náà, ó pa àpèjúwe ọkùnrin kan tí ọ̀fun ń dùn. Ọkùnrin náà ra pẹnisílíìnì fúnra rẹ̀, ó lò ó, ṣùgbọ́n kò lò ó tó. Kòkòrò ọ̀fun rẹ̀ kò kú, ó kàn kọ́ bí a ṣe ń dojú kọ oògùn ni. Ó kó kòkòrò náà ran ìyàwó rẹ̀, àrùn ẹ̀dọ̀fóró mú ìyàwó, wọ́n fún un ní pẹnisílíìnì, kò ràn án, obìnrin náà sì kú. Fleming wá béèrè pé ta ni ó fa ikú rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìbéèrè nọ́ọ̀sì wa náà kò jìnnà sí èyí.

Òní ni àpèjúwe yẹn ti ṣẹ. Nínú ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ṣírò pé ní ọdún 2019 nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá àti àbọ̀, ìyẹn 1,270,000 ènìyàn, ni àwọn bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ pa tààrà lágbàáyé. Ẹ má sì rò pé òkèèrè ni. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ikú náà ti pọ̀ jù bí a bá fi iye ènìyàn ṣírò rẹ̀: ó lé ní ènìyàn 27 nínú 100,000.

Ẹ tún wo àwọn arákùnrin wa ní orílẹ̀-èdè Pakistan. Ní òpin ọdún 2016, táífọ́ọ̀dù kan bẹ̀rẹ̀ ní ilú Hyderabad ní ìpínlẹ̀ Sindh. Ìsọ̀rí oògùn márùn-ún tí wọ́n fi ń wo táífọ́ọ̀dù, kò sí èyí tí ó ràn án mọ́. Díẹ̀ péré ni ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn dókítà. Ní ọdún 2019, Pakistan di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù tuntun kún àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ wẹ́wẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ń kírun, wọ́n ń gbààwẹ̀. Òfin tí Ọlọ́hun fi sínú ayé kò yọ ẹnì kan sílẹ̀ nítorí pé ó ń kírun.

HÁDÍÌSÌ OYIN

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé, "Àbí Ànábì kò tọ́jú ẹni tí ń yàgbẹ́ rí ni?" Ó tọ́jú rẹ̀. Nínú ìwé Bukhari, Abu Said al-Khudri gbà á wá pé ọkùnrin kan wá bá Ànábì (S.A.W.) nítorí arákùnrin rẹ̀ tí inú ń yọ lẹ́nu. Ànábì ní kí ó fún un ní oyin mu. Ó lọ, ó padà, ó ní kò dáwọ́ dúró. Ànábì tún ní kí ó fún un ní oyin. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tí ó ń padà wá, tí Ànábì kò sì yí ọ̀rọ̀ padà, títí ara ọkùnrin náà fi yá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń mú orúkọ oyin nìkan nínú hádíìsì yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èkíní, ọkùnrin náà kò wo arákùnrin rẹ̀ lójú kí ó dá oògùn lé e, ó lọ béèrè. Èkejì, nígbà tí kò tíì rí ìwòsàn, kò lọ fi oògùn mìíràn tí aládùúgbò júwe pa á pọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó júwe ti àkọ́kọ́ ni ó padà sí. Ẹ̀kẹta, kò dá oògùn náà dúró ní ìdajì ọ̀nà. Àwọn àlúfà ńlá bíi Ibn al-Qayyim ṣàlàyé lórí hádíìsì yìí pé oògùn gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n tí ó bá àìsàn mu. Bí ó bá kéré jù, kò ní ṣẹ́gun àìsàn. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ba ara jẹ́. Ẹ̀yin ará, ọ̀rúndún mélòó ni ó wà láàárín Ibn al-Qayyim àti Fleming? Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn gbà.

Kí á sì fi èyí kún un: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má ṣe fún un ní oyin. Kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí ìfun ìkókó kò tíì lè borí.

OMI NI OÒGÙN ÀKỌ́KỌ́

Ohun tí ó ń pa ẹni tí ń yàgbẹ́ kì í sábà jẹ́ kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Omi àti iyọ̀ tí ó ń bá ìgbẹ́ àti èébì jáde ni. Nítorí náà, dídá omi padà sí ara ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìbá à jẹ́ bakitéríà, ìbá à jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ohun tí àwa ṣe fún ọmọ yẹn, òdì kejì rẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí á ṣe.

Ní ọdún 1971, nígbà ogun tí ó bí orílẹ̀-èdè Bangladesh, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sá wọ India, onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ní ibùdó kan ní Bangaon, omi tí wọ́n ń fà sára tán lọ́wọ́ dókítà Dilip Mahalanabis. Ó ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí àwọn ẹbí máa fún àwọn aláìsàn mu. Níbi tí nǹkan bí ènìyàn 30 nínú 100 ti ń kú tẹ́lẹ̀, kò tó ènìyàn mẹ́rin mọ́ nínú 100. Ìdí rẹ̀ ni pé ṣúgà ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún iyọ̀ láti wọ inú ara láti ìfun, omi a sì tẹ̀ lé iyọ̀. Iyọ̀ nìkan kò lè ṣe é, omi nìkan kò sì tó.

Nítorí náà, bí ìgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ra ORS, ẹ pò ó bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ wọn omi mímọ́ líítà kan, ẹ fi ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì bu ṣúgà mẹ́fà tí ó tẹ́jú sí i, kí ẹ bu ìdajì ṣíbí iyọ̀ kan sí i. Kí iyọ̀ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìpalára wà nínú rẹ̀. Ẹ máa fún ọmọ náà ní díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá má ṣe gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ẹ béèrè síǹkì fún ọmọ wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n máa ń lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ojú tí ó jìn, tàbí ọmọ tí kò lè mumi mọ́, tàbí ibà tí ó le, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá oògùn apakòkòrò kàn án. Oògùn apakòkòrò ní ọjọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà bá dé ni a kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé a ti sọ ọ́ di omi lásán.

Fún rotavirus, àjẹsára wà tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún gbogbo ọmọ ìkókó ní ọdún 2022, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹfà tí a bí ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìyá àti bàbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá.

ÌMỌ́TÓTÓ NI ÌDAJÌ Ọ̀NÀ

Àìsàn tí kò bá mú ènìyàn kò ní béèrè oògùn. Ẹ wo bí Sunna ti ṣe dí ọ̀nà mọ́ kòkòrò láti ìgbà tí ẹnì kan kò tíì fojú rí i. Ànábì (S.A.W.) kọ̀ kí á tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Ó kìlọ̀ kí á má ṣe yàgbẹ́ sí etí omi, sí ojú ọ̀nà àti sí ibòji tí àwọn ènìyàn ń sinmi sí, ó ní ohun tí ó ń fa èpè ni. Ó ní kí á máa bo abọ́ àti ohun èlò omi. Ó ní ẹni tí ó bá jí láti ojú oorun kí ó má ṣe ti ọwọ́ bọ inú abọ́ títí tí yóò fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá wa Maymuna sì gbà á wá pé nígbà tí Ànábì ń wẹ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn, lẹ́yìn tí ó ti fọ ìdí rẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ ra ilẹ̀ tàbí ògiri, kí ó tó wá fọ̀ ọ́. Omi nìkan kò tó o lójú. Ọṣẹ ni ó rọrùn fún wa láti lò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: nínú mọ́sáláṣí wa mélòó ni bútà wà tí ọṣẹ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? A ń ná owó sí kápẹ́ẹ̀tì, a ń ná owó sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ọṣẹ tí kò ju owó kékeré lọ ni a ń wò níran. Àwọn nǹkan tí a fi ń pa ọwọ́, tí wọ́n ní òórùn ọtí, kò ràn norovirus bí ọṣẹ àti omi ti ràn án. Nínú ìpàgọ́ wa pẹ̀lú, ẹni tí ó bá ti ń yàgbẹ́ tàbí tí ó ń bì, kí ó má ṣe wọ ilé ìdáná títí di ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ó bá ti dáwọ́ dúró. Kì í ṣe ìtìjú, ìtọ́jú àwọn ará ni.

ÀWỌN TÍ Ó Ń FI HÁDÍÌSÌ JIYÀN

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé Ànábì ti sọ pé kò sí àrùn tí ń ràn. Òótọ́ ni, hádíìsì náà wà. Ṣùgbọ́n nínú hádíìsì Bukhari náà ni ó ti ní kí á sá fún adẹ́tẹ̀. Ó tún kọ̀ kí á kó ràkúnmí tí ara rẹ̀ kò dá wá bá èyí tí ara rẹ̀ dá. Àwọn àlúfà ṣàlàyé pé ohun tí Ànábì lé dànù ni ìgbàgbọ́ àwọn aláìmọ̀kan pé àrùn ní agbára tirẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Kò sọ pé kí á má ṣe ṣọ́ra. Ẹni tí ó ní òun fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, Ànábì ní kí ó kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná. Adúà wa dára, kí á máa ṣe é lọ. Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni okùn tí a fi ń so ràkúnmí náà.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Nínú Súrátu-n-Nisá, áyà 58, Ọlọ́hun pàṣẹ kí á dá àmáànà padà fún àwọn tí ó ni í. Oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ àmáànà. Àwọn tí ó ṣíwájú wa fi lé wa lọ́wọ́ nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni ó sì ni í lẹ́yìn wa. Bí a bá ná an dànù, ohun tí kì í ṣe tiwa ni a ná.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí á fi ọwọ́ sí ohun márùn-ún. Èkíní, kí á má ṣe lo oògùn apakòkòrò láìjẹ́ pé ẹni tí ó mọ̀ ni ó júwe rẹ̀. Èkejì, nígbà tí wọ́n bá júwe rẹ̀, kí á lò ó bí wọ́n ti wí, iye ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ̀kẹta, kí á má ṣe pín oògùn wa fún ẹlòmíràn, bí a bá tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ má ṣe máa bu oògùn apakòkòrò sínú omi wọn lójoojúmọ́ kí wọ́n lè tètè tóbi, nítorí kòkòrò tí ó bá kọ́gbọ́n nínú adìẹ lè bá wa dé orí oúnjẹ. Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan ní ORS àti ọṣẹ nípamọ́ dípò agolo kápúsù.

Àwa ti kó èyí tí ó wà nínú agolo wa lọ fún oníkẹ́míìsì tí ó kàwé gboyè, pé kí ó bá wa sọ ọ́ nù bí ó ti yẹ. Agolo náà ṣì wà lórí pẹpẹ. ORS ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ṣíbí kékeré kan. Ọmọdékùnrin tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa nígbà yẹn ti parí Kùráánì rẹ̀, a sì bá wọn jẹ wòlímá rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a kọ́ ọmọ òun ní ìwé Ọlọ́hun, ojú tì wá débi pé a kò lè gbé orí sókè.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe tí a fi àìmọ̀ ṣe jìn wá. Kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó sì fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà tí àìsàn kò tún ní tẹ̀ lé. Kí Ó má ṣe fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ sí wa lọ́rùn ní Ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀. Àmín.

Wassalaamu alaykum wa rahmatullahi wa barakaatuhu.